Àmúwá Ọlọ́hun Ni, Tàbí Àfọwọ́fà?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ìlera, tí ó sì dá àìsàn, tí kò dá ọ̀kankan nínú méjèèjì lásán. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa níyànjú, a sì ń gba yín níyànjú, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò ní Jímọ̀ òní kò ṣàjèjì sí etí yín. Bí àìsàn bá dá ènìyàn gúnlẹ̀ láàárín àwa Yorùbá, ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà máa ń bi ara wọn: ṣé àmúwá Ọlọ́hun ni, tàbí àfọwọ́fà? Bí wọ́n bá ní àmúwá ni, gbogbo ènìyàn a káwọ́ gbera, wọ́n a ní kò sí ohun tí ẹ̀dá lè ṣe sí i. Bí wọ́n bá sì ní àfọwọ́fà ni, wọ́n a di ẹ̀bi ru aláìsàn, wọ́n a ní òun ni ó wá a. Láàárín ọgọ́ta ọdún tí ó kọjá, àwọn àrùn tí àwọn baba ńlá wa kò mọ orúkọ wọn ti ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan: ibà ọ̀rẹ̀rẹ̀ tí ayé ń pè ní Lassa, kòkòrò HIV, Ẹ̀bólà, Kòrónà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń dé ni ìbéèrè àtijọ́ yìí ń dìde. A fẹ́ dá a lóhùn lónìí, nítorí pé ìdáhùn tí a bá fún un ni yóò pinnu bí a ó ṣe máa bá ara wa gbé ní ìlú Ìbàdàn yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún kádàrá ní ipò rẹ̀. Ìgbàgbọ́ Mùsùlùmí kò pé bí kò bá gbà pé àti ire àti ibi wà nínú ìpèbùbù Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ayé Khalífà Umar bin al-Khattāb, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Ó gbéra láti Mẹ̀dínà, ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Nígbà tí ó dé ibì kan tí à ń pè ní Sargh, Abū Ubaydah àti àwọn ọ̀gágun wá pàdé rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáámù. Umar pe àwọn Muhājirūn, ó pe àwọn Ansār, ó pe àwọn àgbà Kùráìṣì, ó gba ìmọ̀ràn wọn. Lẹ́yìn náà ó ní kí àwọn ènìyàn padà sílé. Abū Ubaydah wá bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Umar fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, pé inú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó fi ẹni tí ó ń da ràkúnmí ṣe àpẹẹrẹ: bí àfonífojì kan bá ní apá tí koríko wà àti apá tí ó gbẹ, apá yòówù kí darandaran da ẹran rẹ̀ sí, kò jáde kúrò nínú kádàrá. Ìgbà náà ni Abdur-Rahmān bin Awf dé, tí ó sì jẹ́rìí pé òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé bí a bá gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà ní ìlú kan, kí a má ṣe wọ ibẹ̀. Bí ó bá sì bá wa níbẹ̀, kí a má ṣe sá jáde. Umar dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ó sì padà. Abū Ubaydah dúró ti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Ṣáámù, àjàkálẹ̀ náà sì mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ ní ọdún 18 Hijra.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé kádàrá kì í ṣe ìrọ̀rí tí a fi ń sùn. Apá tí a ó da ẹran sí wà lọ́wọ́ wa, a ó sì jíhìn rẹ̀. Nínú Sūratu Rūm, ní áyà kọkànlélógójì, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé ìbàjẹ́ tí ó hàn lórí ilẹ̀ àti lójú òkun, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó fà á, kí wọ́n lè tọ́ díẹ̀ wò nínú ohun tí wọ́n ṣe, bóyá wọn yóò ronú pìwà dà. Ó yẹ, nígbà náà, kí a bèèrè bí ọwọ́ ènìyàn ṣe ń fa àrùn tuntun.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ fún wa pé nínú àrùn tuntun mẹ́rin tí ó ń ran ènìyàn, nǹkan bíi mẹ́ta ni ó ti ara ẹranko wá. Àrùn wọ̀nyí ti wà lára ẹranko tipẹ́, nínú igbó, nínú ihò, lórí igi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹranko náà ni kì í ṣàìsàn rárá. Ọlọ́hun fi ààlà sí àárín àwa àti àwọn, àwa ni a sì ń wó o. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Aláǹgbá ni kòkòrò àrùn. Ògiri tí ó lanu ni ìwà wa.

Ẹ wo ibà ọ̀rẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Laura Wine ṣàìsàn ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Lassa, ní ilẹ̀ Borno. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó sì kú síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ ní Jos náà kó o, òun náà sì kú. Ẹ̀kẹta, Lily Pinneo, tí ó bá wọn ṣe ìtọ́jú, dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, Ọlọ́hun sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Láti ara ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí kòkòrò tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà sọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni ó wá hàn pé eku kan ni ó ń gbé e kiri, eku kékeré tí ọmú rẹ̀ pọ̀, tí ó sì ń bímọ bí ẹni ń da omi. Àrùn náà kì í pa eku yìí. Ó kàn ń tọ̀ ọ́ sílẹ̀ níbi gbogbo tí ó bá gbà kọjá. Bí ó bá tọ̀ sínú gààrí tí a kò bò, tàbí sórí èlùbọ́ tí a sá sí ẹ̀bá títì, àrùn ti dé inú abọ́ wa nìyẹn.

Ta ni ó pe eku wọlé? Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, a dáná sun igbó, eku kò rí ibi sá sí mọ́ ju inú ilé lọ. A da ìdọ̀tí sí ẹ̀yìnkùlé, a tẹ́ tábìlì oúnjẹ fún un nìyẹn. Lóde òní, ọdún kì í yí po kí ibà yìí má gba ẹ̀mí ní orílẹ̀-èdè yìí, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Òǹdó àti Ẹdó, tí kò jìnnà sí wa. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì wa ti pa á láṣẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé kí a máa bo abọ́ oúnjẹ wa, kí a sì máa so ẹnu ohun tí a fi ń gbé omi ní alẹ́, nítorí pé òru kan wà nínú ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbọ́ hàdíísì yìí nígbà náà kò mọ kòkòrò àrùn. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì bo abọ́.

Igbó náà ńkọ́? Kòkòrò HIV tí ó ti pa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn, àwọn olùwádìí tọpa rẹ̀ dé ara ìnàkí ní gúúsù ìlà-oòrùn Kamẹrúùn, wọ́n sì gbà pé nídìí pípa ẹran ìgbẹ́ àti kíkun ún ni ẹ̀jẹ̀ ẹranko ti kan ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ẹ̀bólà tí ó gba ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kan bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2013 ní abúlé Meliandou ní ilẹ̀ Guinea, níbi tí wọ́n ti gé igbó kúrò ní àyíká, tí àdán sì wá di aládùúgbò ènìyàn. Ọmọdé kan ni ó kọ́kọ́ kú. Kí àjàkálẹ̀ náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti pa ènìyàn tí ó lé ní 11,000.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ ará oko nìkan ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ń kọ́ Bódìjà Estate, igbó ni ọ̀pọ̀ ibi tí a ń gbé lónìí. Nísinsìnyí, láti Agbowó títí dé Challenge, ilé kan ilé, ènìyàn kan ènìyàn, ẹran ọ̀sìn sì wà láàárín wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ń pa màlúù láàárín ọjà Bódìjà, kí ìjọba tó ní kí odò ẹran kó lọ sí Àmọ́sùn ní Akínyẹlé ní ọdún 2018. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn sì ti rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ti màlúù lára ẹran tí a pa ní ìlú yìí, àti lára àwọn ènìyàn kan pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 2006, orílẹ̀-èdè wa ni àrùn lukúlukú adìyẹ tí ó ń pa ènìyàn ti kọ́kọ́ hàn ní gbogbo Áfíríkà, ní oko adìyẹ kan ní Kàdúná. Kí ọdún kan tó pé, ó ti pa obìnrin kan ní Èkó. Olóko tí ó rí i pé adìyẹ òun ń kú, tí ó yára kó èyí tí ó kù lọ tà ní ọjà kí àdánù má bàa pọ̀, ṣé àmúwá ni èyí? Alápatà tí ó rí kókó lára ẹ̀dọ̀fóró màlúù, tí ó gé e sọnù, tí ó ta ẹran yòókù, ṣé àmúwá ni èyí náà? Àti àwa tí a ń ra kóró oògùn méjì péré ní kẹ́mísìtì, tí a ń dá a dúró bí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀, títí kòkòrò àrùn fi kọ́ bí a ṣe ń borí oògùn náà, ta ni ó ti ọwọ́ wa síbẹ̀?

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ó lè dà bí ẹni pé a ti dáhùn ìbéèrè wa, pé àfọwọ́fà ni. Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. Bí a bá ti ní ọwọ́ ènìyàn ni ó fa àrùn, ojú wa a lọ tààrà sí ọwọ́ aláìsàn. Ẹ tún wo àwọn tí a dárúkọ. Ọmọdé Meliandou kò gé igi kankan. Nọ́ọ̀sì Jos kò da ìdọ̀tí sí ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ tí ó ń fa àrùn kì í sábà jẹ́ ọwọ́ ẹni tí àrùn ń pa. Ẹni tí ó ju ìdọ̀tí sínú odò Ògùnpa lókè kọ́ ni omi máa ń wọ ilé rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Onílé tí ó kó ogójì ènìyàn sí ilé tí kò ní ṣáláńgá lè máa gbé ní àdúgbò mìíràn tí afẹ́fẹ́ ti tutù.

Ẹ rántí oṣù keje ọdún 2014. Ọkùnrin kan tí ó ti Làìbéríà wá gbé Ẹ̀bólà dé Èkó. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fínná mọ́ ọn pé kí ó fi í sílẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá rìn wọ àárín ìlú Èkó, Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìbá já sí. Ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ ní Ìbàdàn láti Èkó lójoojúmọ́ kò lóǹkà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa ènìyàn 894 tí ó ṣeé ṣe kí àrùn náà ti kàn, wọ́n ń lọ wò wọ́n nílé lemọ́lemọ́. Ènìyàn 20 ni ó kó o ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, 8 ni ó kú. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Dókítà Adadevoh wà lára àwọn mẹ́jọ tí ó kú. Àwa tí a wà láàyè nílùú yìí jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ta ni yóò la ẹnu rẹ̀ sọ pé obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àrùn?

Nítorí náà, ìdáhùn wa nìyí. Bí àrùn bá ti dé sára ènìyàn, kí a wò ó ní ojú àmúwá: kí a ṣàánú rẹ̀, kí a má ṣe bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ànábì ti kọ́ wa pé onígbàgbọ́ tí àjàkálẹ̀ àrùn bá pa, ẹ̀san ṣàhídì ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àrùn tó dé, kí olúkúlùkù wa wo ọwọ́ ara rẹ̀ ní ojú àfọwọ́fà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti yí i po: ọwọ́ ara wa ni a ń pè ní àmúwá, àìsàn ẹlòmíràn ni a ń pè ní àfọwọ́fà.

Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ kò yọ ara wa sílẹ̀. Ní ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà dé ìlú yìí, arákùnrin kan wà nínú jamáà wa tí ó ń fi Micra ṣiṣẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ ṣàìsàn ní òru, kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbé e. Òun ni ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àrùn náà mú òun fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní Olódó, ara rẹ̀ yá, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Nígbà tí mọ́sáláṣí ṣí padà, gbogbo wa ni a ń fi àlàfo sílẹ̀ ní sààfù. Nígbà tí ó yá, a sún mọ́ ara wa padà, ṣùgbọ́n àlàfo tí ó wà lọ́tùn-ún àti lósì arákùnrin yìí kò dí. Àwọn oníbàárà aya rẹ̀ tí ó ń dín àkàrà kò padà. A rí i, a kò sì sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, kò wá mọ́. A gbọ́ pé ó ti ń kírun ní ibòmíràn. Ó ṣe ohun tí Ọlọ́hun fẹ́ràn, àwa sì san án lẹ́san ìtìjú. A ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀, ó sì ti dárí jì wá. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí pé àrùn mìíràn ń bọ̀, ẹni tí yóò gbé aláìsàn yóò sì ti ronú lórí ohun tí a ṣe sí ẹni àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá fi ìdọ̀tí, ẹran àìsàn tàbí àṣírí àrùn ṣẹ̀, ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì ni. Ànábì kọ́ wa pé ẹni tí ó jẹ gbèsè jù lọ nínú ìjọ rẹ̀ ni ẹni tí yóò dé ní ọjọ́ ìdájọ́ pẹ̀lú ìrun, ààwẹ̀ àti sàká, ṣùgbọ́n tí ó ti ṣe ènìyàn níbi. Wọn yóò máa kó láádá rẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ títí yóò fi tán. Ẹni tí ibà pa nítorí ààtàn wa lè jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí. Òun yóò mọ̀ wá ní ọjọ́ náà.

Kí ni kí a wá ṣe? Kí a máa bo oúnjẹ, kí a dí ihò eku, kí a má ṣe sá gààrí sí ẹ̀bá títì. Kí a má ṣe da ìdọ̀tí sí ojú àgbàrá, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó ń wò wá. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, kí a tètè sọ fún un, nítorí hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bí ibà bá mú ènìyàn, tí a lo oògùn ibà tí kò sì lọ, kí a má ṣe pààrọ̀ kẹ́mísìtì. Kí a lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ibà ọ̀rẹ̀rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà ẹ̀fọn, ìtọ́jú rẹ̀ sì sàn jù bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi aláìsàn pamọ́ nítorí ìtìjú. Kí àwa náà má sì ṣe dá ìtìjú sílẹ̀ fún un.

Ní ti òkú, a mọ̀ pé ìwẹ̀ òkú jẹ́ ẹ̀tọ́ lórí wa. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní àrùn tí ó pa á lè ti ara òkú ran alààyè, kí a má ṣe jà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba ìmọ̀ràn àwọn aṣáájú ẹ̀sìn, wọ́n sì gbé ìlànà ìsìnkú jáde tí ó fi àyè sílẹ̀ fún tayamọ́mù dípò ìwẹ̀. Ọlọ́hun tí ó ní kí a wẹ òkú ni ó tún kọ̀ fún wa pé kí a fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun.

Ọlọ́hun Ọba, Ìwọ ni Olùwòsàn. Wo àwọn aláìsàn wa sàn nílé àti ní ilé ìwòsàn. San ẹ̀san rere fún àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì àti gbogbo ẹni tí ó gbé aláìsàn nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń sá. Forí jì wá ní ti ohun tí ọwọ́ wa ti fà, tí a kò sì mọ̀. Fún wa ní ìgboyà láti ṣàtúnṣe èyí tí a mọ̀. Má ṣe jẹ́ kí a jẹ́ ògiri tí ó lanu ní àdúgbò wa. Pa ìlú Ìbàdàn mọ́, pa ilẹ̀ Yorùbá mọ́, pa Nàìjíríà àti gbogbo ayé mọ́. Àmín.